Owó abẹ́ ilẹ̀: ọjọ́ márùn-ún tá a lò nínú oko ní Norfolk, ní England

Ọjọ́ kìíní, Mọ́ńdè

Aago márùn-ún ìdájí la kúrò ní Peckham ní London, bọ̀dá mi ló wa mọ́tò, èmi jókòó tì wọ́n pẹ̀lú fúláàsì tíì àti ike jọ̀lọ́ọ̀fù méjì lórí ẹsẹ̀, torí oko tá à ń lọ yìí, ẹ lè rìn fún wákàtí kan gbáko kẹ́ ẹ má rí ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ẹ̀rọ méjèèjì wà ní bùútù, bọ̀dá mi ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé wọn bí ẹni wé ọmọ tuntun. A gba M11, a já sí A11, nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ ààbọ̀ a ti ń rí Norwich lára pátákó ojú títì.

Ọdún kẹfà rèé tá a ti ń fi mẹ́tàlì-dítẹ́kítọ̀ wá owó àtijọ́. Iṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó ló ń bọ́ mi, bọ́ọ̀sì ni bọ̀dá mi ń wà, àmọ́ tá a bá ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, inú oko lẹ máa bá wa. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló kàn mí kan owó òyìnbó tó ti kú, ìdáhùn mi sì wà nínú agolo Bournvita kan tó jẹ́ ti ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń gbé e sí, tí wọ́n bá gbé e jáde, àwa ọmọ á jókòó yí wọn ká, wọ́n á dà á sórí ẹní, ọ̀nínì, eépìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Ọ̀nínì ni mo fẹ́ràn jù, ihò wà láàárín ẹ̀, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì yí ihò yẹn ká, mẹ́wàá ẹ̀ ló máa pé kọ́bọ̀ kan. Ìgbà tí mo dé ìlú yìí ni mo tó mọ̀ pé lẹ́tà H kékeré tó wà lára àwọn kan nínú wọn, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló dúró fún. Ọ̀nà Birmingham lowó tí màmá fi ń ra iyọ̀ l'Ọ́jà Ìjẹ̀bú ti wá! Látọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá fi owó àtijọ́ hàn mí, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ kì í ṣe iye tó tó, ibi tí wọ́n ti rí i ni mo máa ń bi wọ́n.

Ibi tá a kọ́kọ́ yà ni Caistor St Edmund, lápá gúúsù Norwich, níbi táwọn ará Róòmù tẹ ìlú kan dó sí tí wọ́n ń pè ní Venta Icenorum. A ò gbé ẹ̀rọ kúrò ní bùútù o. Òfin ọdún 1979 ló dáàbò bo irú ibẹ̀ yẹn, ẹni bá gbé dítẹ́kítọ̀ wọ ibi tí ìjọba ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé ó jẹ́ ojúkò ìtàn, tí ò gbàwé àṣẹ, ó ti dáràn nìyẹn, kódà kó má rí ìṣó kan níbẹ̀. A kàn lọ kí ilẹ̀ ni. Ká tó dé oko èèyàn nílé, ṣebí a ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ baálẹ̀.

Ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Iceni ló ni ilẹ̀ yẹn kí Róòmù tó dé. Obìnrin kan, Boudica, ló kó wọn jáde lọ bá Róòmù jagun ní nǹkan bí ọdún 60 tàbí 61 lẹ́yìn ìbí Kristi, wọ́n sun London náà níná, àmọ́ ìgbẹ̀yìn ogun yẹn ò dáa fún wọn. Ẹ̀yìn ogun ni wọ́n tó tẹ Venta dó. Ní báyìí àgùntàn ló kún ibẹ̀, ògiri òkúta yí koríko ká, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní igun kan, ó tán. Ṣùgbọ́n ní 1928 wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú ya fọ́tò ibẹ̀ látòkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títì ìlú náà sì hàn kedere nínú ọkà tó wà lórí ilẹ̀, torí ọkà tó bá hù sórí òkúta máa ń tètè gbẹ ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ. Mo dúró lórí koríko yẹn, mo ní kí n fojú wá títì kan ṣoṣo, mi ò rí i. Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi níbẹ̀ o.

Ọjọ́ kejì, Túsìdè

Oko wa gan-an lónìí. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tó bá yá. Bàbá olóko ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ìwé àdéhùn wà láàárín àwa méjèèjì, a ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tá a bá rí, ìdajì ìdajì, àti pé kòtò tá a bá gbẹ́, a máa dí i. Wọ́n ti kórè bálì tán lọ́sẹ̀ tó kọjá, kìkì kùkùté ọkà ló kù nílẹ̀. Sáà tiwa nìyí, láàárín kí wọ́n kórè tán àti kí wọ́n tó gbin òmíì, bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Bí mo ṣe ń wo bí ẹ̀rọ olóko ṣe fa ilẹ̀ lọ ní ìlà-ìlà, oríkì ilẹ̀ kàn bọ́ sí mi lẹ́nu, Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí. Wọ́n ti fi ọkọ́ ya irun ẹ̀ nítòótọ́.

Fún ẹni tí ò tíì rí i rí, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Abọ́ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ yẹn, wáyà ló wà nínú ẹ̀, iná ń gba inú wáyà yẹn kọjá, ó ń rán agbára wọlẹ̀, tí agbára yẹn bá kan irin tàbí bàbà tàbí fàdákà, nǹkan ọ̀hún náà á fèsì padà, ìyẹn lẹ̀rọ máa gbọ́ tó fi máa ké sí ẹ létí. Irin máa ń há lóhùn, ó máa ń gún, fàdákà máa ń ké gooro. Àmọ́ ìdérí agolo kóòkì náà ń ké gooro nígbà míì, òun ló jẹ́ kí etí ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà tó ń jáde lójú ẹ̀rọ lọ. O máa fì í lápá ọ̀tún, o máa fì í lápá òsì, o máa yípo wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì kó o tún fì í, tóhùn yẹn ò bá yí padà, gbẹ́ ẹ.

Látàárọ̀ dé aago kan ọ̀sán, ìdí ọta ìbọn ọlọ́dẹ mẹ́rìndínlógún, bọ́tìnnì mẹ́ta, ọta òjé ìgbà láéláé kan, àìmọye ègé agolo tí katakata ti rún wẹ́wẹ́. Gbogbo ẹ̀ là ń kó sínú báàgì, a kì í dá pàǹtírí padà sílẹ̀ olóko.

Aago méjì kù díẹ̀ lẹ̀rọ mi ké. Ohùn kékeré, bí ìgbà téèyàn fi èékánná kan etí gíláàsì. Mo fi ṣọ́bìrì gé ilẹ̀ ní igun mẹ́rin, mo ṣí i bí ìdérí, mo fọwọ́ tú erùpẹ̀ ẹ̀ wò, ó wà níbẹ̀, ó rí roboto, ó dúdú pẹ̀lú àwọ̀ ewé díẹ̀, kò fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò mi. Mi ò fomi wẹ̀ ẹ́ o, mi ò fọwọ́ ra á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé, awọ tó bò ó yẹn ni ojú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá bó o, ojú owó ti lọ nìyẹn. Mo kàn fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, mo gbé e sábẹ́ gíláàsì. Ìkookò ni! Abo ìkookò dúró, ọmọ méjì wà lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń mu ọmú, ìràwọ̀ méjì wà lókè. Lẹ́yìn owó náà, orí obìnrin tó dé àṣíborí ogun, URBS ROMA wà létí ẹ̀. Ayé Constantine, ọba Róòmù, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ irú ẹ̀, ní 330. Nísàlẹ̀ ìkookò mo rí lẹ́tà TRP, ìyẹn ni pé Trier ni wọ́n ti rọ ọ́, ìlú tó wà ní Jámánì báyìí. Constantine fúnra ẹ̀, York nílẹ̀ yìí làwọn ọmọ ogun ẹ̀ ti kéde ẹ̀ ní ọba ní 306.

Mo pe bọ̀dá mi. Wọ́n wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọ́n ní "ìyá yìí ń fọ́mọ lọ́mú láti 1,700 ọdún." Ó kù díẹ̀ kó pé bẹ́ẹ̀. Mo ya fọ́tò, mo kọ nọ́ńbà ibi tó wà sílẹ̀ látinú GPS, díjíìtì mẹ́wàá, ìyẹn ló máa ń tọ́ka sí ibi tí kò ju mítà kan lọ, mo kọ bí kòtò ṣe jìn tó, mo dí i padà, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Owó yìí ò wọ́n lọ́jà o, irú ẹ̀ pọ̀. Àmọ́ títí di aago méjì ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnì kan ti ná owó Róòmù rí lórí oko yẹn.

Ọjọ́ kẹta, Wẹ́sìdè

Òjò. Òjò láàárọ̀, òjò lọ́sàn-án. A ò ráyè ṣe nǹkan kan.

Fọ́ìsì nóòtì kan dé látilé lórí WhatsApp, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ló fi ránṣẹ́, ó ní ká kó ẹ̀rọ bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà, ó ní òun mọ ibi ahoro kan tí ìlú àtijọ́ wà, a máa lówó. Mo pè é padà, mo sì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa torí mi ò fẹ́ kó rò pé mò ń fi nǹkan pa mọ́ fún un. Mo ní àkọ́kọ́, òfin wà ní Nàìjíríà náà, ẹni tí ò bá gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó àwọn músíọ̀mù àti ojúkò ìtàn, kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ irú ibẹ̀ yẹn. Ìkejì, owó ẹyọ làwọn bàbá wa ná, ẹyọ kì í sì í ṣe irin, ìkarawun ni. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàáwàá, 20,000 ẹyọ, kí wọ́n ri ọ̀kẹ́ mẹ́wàá mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ, ẹ̀rọ mi á kọjá lórí ẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Ohun tó máa ké sí ni ọkọ́, àdá, ọfà, ṣaworo, ìlẹ̀kẹ̀ idẹ, ohun táwọn onímọ̀ fi ń mọ ibi tí ilé alágbẹ̀dẹ wà àti ibi tí ojúbọ wà, ìwọ wá fẹ́ wú u kó o tà á fún ẹni tó máa gbé e lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "àǹtí, mo ti gbọ́." Mo gbà gbọ́ pé ó gbọ́ lóòótọ́.

Níbí náà wọ́n láwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nighthawk ni wọ́n ń pè wọ́n, òru ni wọ́n ń wá, wọ́n á gbẹ́ oko olóko yánnayànna, ohun tí wọ́n bá kó á lọ sọ́wọ́ ẹni tí ò ní bèèrè ibi tó ti wá. Ohun tó ń dùn mí nínú ẹ̀ ju owó lọ. Wọ́n já ewé kan kúrò láàárín ìwé, ìwé náà ò ṣeé kà mọ́, ewé náà ò sì wúlò fún ẹni tó já a.

Ọjọ́ kẹrin, Tọ́sìdè

Mo ń kọ eléyìí láàárín òru, oorun ò kùn mí.

Ilẹ̀ ti rọ̀ nítorí òjò àná, ohùn ẹ̀rọ ń wọlẹ̀ dáadáa, bọ̀dá mi lọ sápá igi óòkù, èmi wà lápá ọ̀nà. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni wọ́n ké pè mí. Wọn kì í ké, ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, mo sáré.

Ìdajì owó fàdákà ló wà lọ́wọ́ wọn. Ìdajì gan-an, bí òṣùpá ààbọ̀, wọ́n fi nǹkan mímú gé e láàárín gbọnran. Ayé Henry Kẹta, ọba England, nìyẹn. Ní 1247 wọ́n yí owó padà, wọ́n fa àgbélébùú tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gùn dé etí, kẹ́ni tó bá ń ré etí owó jẹ lè hàn, àgbélébùú yẹn náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé láti fi gé owó tí wọn ò bá rí ṣéńjì. Pẹ́nì kan ṣoṣo ni wọ́n ń rọ nígbà yẹn, tó o bá fẹ́ ra nǹkan eépìnnì, wọ́n á gé e sí méjì, tó o bá fẹ́ ti ìdá mẹ́rin, wọ́n á tún un gé. Bọ̀dá mi ní l'Ékòó, tí ò bá sí ṣéńjì, èèyàn méjì ni kọ̀ńdọ́ ń so pọ̀, níbí wọ́n ya owó sí méjì. Mo rántí bí wọ́n ṣe so èmi àti ìyá ẹlẹ́ja kan pọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, tá a jọ ń wá ṣéńjì kiri bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò.

Wọ́n tún ẹ̀rọ fì. Ó ké. Pẹ́nì odindi, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ sí ti àkọ́kọ́. Èyí mọ́ débi pé mo rí irùngbọ̀n ọba, iṣu irun kan lápá ọ̀tún, òmíì lápá òsì, mo dá a dojú dé, mo kà á yípo, lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta láàárín apá àgbélébùú, NIC, OLE, ONL, VND. Nicole, ní London. Orúkọ ẹni tó rọ owó náà nìyẹn. Òfin ni pé kórúkọ ẹ̀ wà lára iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, tí fàdákà ẹ̀ bá dín, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa mú. Orúkọ alágbẹ̀dẹ kan wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú erùpẹ̀ tútù, ó kù díẹ̀ kó pé 800 ọdún tó ti lù ú, mo sì fẹnu mi pe orúkọ ẹ̀ síta.

Ìkẹta ké. Ìkẹrin ké. Ibi tí gbogbo wọn wà ò fẹ̀ ju ẹní méjì téèyàn tẹ́ sílẹ̀ lọ. Bọ̀dá mi wò mí, èmi náà wò wọ́n, a mọ̀ ọ́n. Owó fàdákà méjì pàápàá, tó bá ti ju 300 ọdún lọ, tó jẹ́ pé ojú kan náà ni wọ́n ti wá, òfin ọdún 1996 ti kà á sí ìṣúra, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré lo ní láti fi tó kọ́rónà létí, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ikú àti ìṣúra, owó tiwa sì ti di mẹ́rin. Mo gbé ẹ̀rọ mi síbẹ̀, mo rọra fì í lẹ́ẹ̀kan, ohùn lọ́tùn-ún, ohùn lósì, ohùn kan nísàlẹ̀ tó jìn tó sì fẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀ torí irú ohùn yẹn.

Bọ̀dá mi ní, "Pa á."

Mo ní ṣé ẹ ò jẹ́ ká yọ ẹyọ kan sí i.

Wọ́n ní, "Àbúrò mi, pa á."

Mo pa ẹ̀rọ. A fi ọ̀pá kékeré mẹ́rin sàmì síbi tá a ti rí wọn, a kọ nọ́ńbà, a ya fọ́tò, a da erùpẹ̀ bò ó padà. Òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn, mo sì mọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo dá wà níbẹ̀, mi ò lè búra. Tá a bá wú gbogbo ẹ̀ jáde, a ti ba ibi tó wà jẹ́. Ṣé inú àpò aṣọ ni wọ́n wà ni, àbí inú ìkòkò? Ṣé wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ni, àbí ó já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sọ́jà? Erùpẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́, ó sì nílò ẹni tó mọ èdè erùpẹ̀.

Mo pe òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme, àwọn tó ń kọ ohun táráàlú bá rí sílẹ̀ láti 1997, nǹkan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ti ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Ó ní ká má ṣe gbẹ́ nǹkan kan mọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ nípa ibẹ̀. Bàbá olóko náà dé, a fi han wọ́n, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá padà sílé lọ gbé katakata pẹ̀lú tírélà, wọ́n gbé tírélà yẹn gúnlẹ̀ sórí ibẹ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó máa lè gbẹ́ ẹ lóru.

Ọjọ́ karùn-ún, Fúráìdè

A lọ fi owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́ ní Norwich, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú báàgì tiẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀. Ó fún wa ní ìwé. Ó tún gba owó onìkookò mi fún àkọsílẹ̀, ó ní kó tó padà sọ́wọ́ mi á pẹ́ díẹ̀, mo ní kò léwu.

A ò gba A11 padà, A140 la gbà, torí bọ̀dá mi fẹ́ yà ní Hoxne, tá a bá ti kúrò ní Norfolk bọ́ sí Suffolk báyìí ni. Hoxon ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Ní November 1992 ni olóko kan níbẹ̀ sọ òòlù ẹ̀ nù, ó bẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀, Eric Lawes, pé kó bá òun fi dítẹ́kítọ̀ wá a. Lawes bẹ̀rẹ̀ sí í rí wúrà. Ohun tó wà nílẹ̀ yẹn, owó wúrà àti fàdákà ìparí ayé Róòmù tó ju 14,000 lọ, pẹ̀lú ṣíbí, ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìgò ata fàdákà. Àmọ́ Lawes ò gbẹ́ ẹ tán. Ó dúró, ó ránṣẹ́ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí i pé inú àpótí igi ni wọ́n tò ó sí, kí wọ́n mọ ohun tó wà lókè àti ohun tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n san £1.75 mílíọ̀nù, òun àti olóko ló pín in. Òòlù yẹn náà wà ní British Museum báyìí, mo ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

A dúró díẹ̀ lórí afárá Goldbrook. Ìtàn ibẹ̀ ni pé abẹ́ afárá yẹn ni Ọba Edmund sá pa mọ́ sí nígbà táwọn ará Denmark ń lépa ẹ̀ ní 869, tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tilé ìgbéyàwó bọ̀ ló rí ìtànṣán wúrà ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú omi tí wọ́n tú u fó, ló bá fi ibẹ̀ gégùn-ún fún gbogbo ìyàwó tuntun. Wọ́n ní ó pẹ́ gan-an táwọn ìyàwó ò gba afárá yẹn kọjá. Èèwọ̀ ilẹ̀ nìyẹn, mo mọ irú ẹ̀ mẹ́rin nílé.

A ti dé ìtòsí Ipswich nígbà tí fóònù dún. Òṣìṣẹ́ Norwich ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn máa dé oko ní Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ, ó ní ṣé a lè wá. Bọ̀dá mi ti ń wá ibi tí wọ́n máa yà sí kí wọ́n tó pe ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tọrọ ọjọ́ kan sí i.